Walter Tull: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ní Tottenham, kí ló wá fa gbogbo ariwo yìí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà nínú bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Spurs, ìyẹn Tottenham, ni bàbá mi ń ṣe, Spurs lèmi náà ń ṣe. Gbogbo oṣù kẹwàá ọdún, tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n máa ń gbé àwòrán Walter Tull síta pé akọni ni. Mo wá fúnra mi lọ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, ayò 2. Ó parí! Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tó sì tún kú sójú ogun, la ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀? Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá lóòótọ́, àbí àánú la fi ń rántí rẹ̀?

* * *

Àbúrò, àkọsílẹ̀ tí o wò kò parọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo lo ṣí. Tottenham lo wò torí pé Tottenham lo fẹ́ràn. Northampton Town ni Tull ti gbá bọ́ọ̀lù ayé rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 111 ló gbá fún wọn, láti October 1911 títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fi àánú gbé èèyàn wọ pápá fún ọdún mẹ́ta gbáko, pàápàá nínú ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé owó tí òǹwòran san lẹ́nu géètì ni wọ́n fi ń san owó ọ̀sẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ yìí: Folkestone, ní Kent, ni wọ́n bí i sí, 28 April 1888. Káfíńtà ni Daniel, bàbá rẹ̀, ọmọ Barbados tí bàbá tirẹ̀ ti ṣẹrú. Ọmọ Kent ni Alice, ìyá rẹ̀. Ìyá kú ní 1895, bàbá tẹ̀ lé e ní 1897, Walter kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó tí bàbá fẹ́ gbẹ̀yìn kò lè dá bọ́ gbogbo ọmọ, ni wọ́n bá kó Walter àti Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń bójú tó ní Bethnal Green, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdílé kan wá láti Glasgow, wọ́n gba Edward ṣọmọ, ó sì padà di oníṣègùn eyín. Walter ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé náà.

Ní 1908 ó dara pọ̀ mọ́ Clapton, ẹgbẹ́ tí kì í sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Láàárín sáà kan ṣoṣo, Clapton gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta: Amateur Cup, London Senior Cup àti London County Amateur Cup. Ìwé ìròyìn Football Star kọ ọ́ ní March 1909 pé nínú gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kó lọ́dún náà, òun ni ọjà tó wọlé jù. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n kọ ìyẹn, kò sí ogun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé yóò kú lọ́mọ ọdún 29. Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì yín. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ pín sí. Apá kan ní àwọn òǹwòran Bristol ló ba ti Tull jẹ́. Apá kejì ní ẹ yé fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, kò yára tó ni, wọ́n yọ ọ́, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀. Tottenham ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wọ Dífíṣọ̀n Kìíní ní 1909. Vivian Woodward, ìlú-mọ̀ọ́ká atamátàsé Gẹ̀ẹ́sì, fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àlàfo sì ṣí níwájú. Wọ́n kó Tull dání lọ sí Ajẹntínà àti Úrúgúè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fún un ní £10 ìfọwọ́síwèé àti £4 lọ́sẹ̀. Ẹ má fi £4 yẹn ṣẹ̀rín: òun ni òté tí àjọ bọ́ọ̀lù fi lé e, kò sẹ́ni tí ẹgbẹ́ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún. Ní September ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sunderland. Ó kojú Manchester United, tó gba ife FA lọ́dún yẹn, ní White Hart Lane, pápá Tottenham nígbà náà, níwájú èrò tó lé ní 30,000. Ó jẹ ayò Bradford City.

Ó di October, wọ́n lọ sí Bristol City. Oníròyìn Football Star tó wà níbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní apá kan nínú àwọn òǹwòran gbé ẹnu sókè sí Tull, wọ́n ń bú u ní èdè tó rẹlẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń sọ ní ọjà ẹja Billingsgate lọ. Ó pe àwọn ará Bristol yẹn ní jàǹdùkú. Ó ní ọkàn Tull àti bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ débi pé àwòkọ́ṣe ni fún gbogbo òyìnbó tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àti pé nínú gbogbo ẹni tó wà níwájú lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó dára tó o.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n gbé ẹni tó dára jù lọ yẹn sọ̀ kalẹ̀ sínú ikọ̀ kejì. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló rí gbá. Bí 10 rẹ ṣe jẹ́ nìyẹn, àbúrò.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní “kò yára tó ni”, mo gbọ́ yín, mo sì gbà pé àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ nígbà yẹn. Tull kì í ṣe ẹni tó ń sá bí eṣinṣin. Ẹni tó ń ronú kó tó gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Èmi gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sunday ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan, ní ìhà gúúsù. A lọ gbá ní ìta ìlú, àwọn kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ọ̀bọ nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ mi. Rẹfirí gbọ́, ó ń wo aago. Ìdajì àkókò dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, “Sinmi díẹ̀, mi ò fẹ́ wàhálà.” Ọmọlúwàbí èèyàn ni. Kò kórìíra mi. Ṣùgbọ́n èmi ló yọ kúrò ní pápá, àwọn tó ń ké bí ọ̀bọ wò ó dópin. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ti wà ní ipò mi, ó sì jẹ ayò, n ó wá lọ sọ fún ta ni?

Nítorí náà, mi ò dúró pẹ̀lú apá méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí jíjábọ́ ń dẹ́rù bà, kì í fẹ́ nǹkan tí yóò da pápá rú. Ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe eré: ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà yẹn ni Tottenham tó mórí bọ́, nígbà tí wọ́n na Chelsea 2-1, tí Chelsea fi já bọ́ dípò wọn. Èrò mi ni pé kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti sọ pé “ẹ lé dúdú yìí”. Wọ́n kàn yan ìrọ̀rùn ni, ìrọ̀rùn náà sì máa ń bá ẹnì kan náà wí.

Ẹni tó béèrè pé kí ló dé tí Tull kò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn: kò ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ ló ni agbábọ́ọ̀lù láyé ìgbà náà. Bí sáà bá parí, wọ́n lè dì ọ́ mú, kí o má lè gbá fún ẹlòmíràn, àyàfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé kí o máa lọ. Torí irú nǹkan báyìí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Manchester ní 1907.

* * *

“Northampton wo lẹ ń sọ? Líìgì kékeré.”

Ẹ̀gbọ́n tó kọ èyí, ẹ fara balẹ̀. Òótọ́ ni pé Southern League ni Northampton wà, kì í ṣe Football League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣùgbọ́n inú Southern League kan náà ni Tottenham wà ní 1901 nígbà tí wọ́n gba ife FA, tí wọ́n na Sheffield United ní àṣekágbá. Spurs tí ẹ ń fọ́nnu lé lórí kò wọ Football League títí di 1908. Nígbà tí wọ́n sì dá Dífíṣọ̀n Kẹta sílẹ̀ ní 1920, àwọn ẹgbẹ́ Southern League ni wọ́n kó wọ inú rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù tó le wà ni.

Ta ló sì rà á? Herbert Chapman! Ẹni tó padà gbé Huddersfield dé orí òkè, tó sọ Arsenal di Arsenal. Nígbà yẹn, ọ̀dọ́ ni, ó ti fi Northampton gba Southern League ní 1909. Ó san owó tó jọjú fún Tull, ó tún fi agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan, Charlie Brittan, kún un fún Tottenham. Chapman tí mo kà nípa rẹ̀ kì í fi owó ṣeré.

Níwájú ni Tull ti ń gbá tẹ́lẹ̀, ní ìhà òsì inú. Ní Northampton ó padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n fi í sí àárín, ipò half-back, láàárín àwọn tó ń dí ilé àti àwọn tó ń jẹ ayò. Ìdí nìyẹn tí ayò rẹ̀ fi jẹ́ 9 péré nínú 111, ẹ má wá fi ìyẹn dá mi lóhùn. Àti pé mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án yẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló ti jẹ ẹ́, nígbà tí wọ́n kojú Bristol Rovers. Ẹgbẹ́ mìíràn ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìlú Bristol náà ni. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ipò àárín yìí ni mo rò pé ó yẹ ẹni tí wọ́n ní kò yára. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀, ojú ni. Bọ́ọ̀lù awọ ni wọ́n ń gbá nígbà náà, tí wọ́n fi okùn rán ẹnu rẹ̀, tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, yóò mu omi, yóò wúwo bí àpò ẹ̀wà. Ẹni tó bá fi orí gbá a níbi okùn yẹn, iwájú orí rẹ̀ á sọ fún un. Pápá County Ground tí wọ́n ń lò sì jẹ́ ti àwọn oníkíríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré ni òǹwòran lè dúró sí, ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣí sílẹ̀ gbayawu sí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Tí bọ́ọ̀lù bá gba ibẹ̀ lọ, ẹ ó sáré wá a. Chapman lọ sí Leeds City ní 1912. Tull kò kúrò. Ẹni tó dé lẹ́yìn Chapman náà ń lò ó.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa odídẹrẹ́ Tottenham, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ mọ́ ti wa, àmọ́ ó dùn. Ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ Spurs ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ajẹntínà, wọ́n ṣe ìdíje aṣọ àrà nínú ọkọ̀ ojú omi, agbábọ́ọ̀lù méjì múra bí àwọn tí ọkọ̀ wọn rì, tí wọ́n há sí erékùṣù, wọ́n gba ipò kìíní, ọ̀gá ọkọ̀ sì fi odídẹrẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ní ẹyẹ náà gbé ní White Hart Lane títí di 1919, ó sì kú nígbà tí wọ́n gbé ipò Tottenham ní Dífíṣọ̀n Kìíní fún Arsenal. Ti ẹyẹ, ẹ̀yin ẹ gbà á bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ti Arsenal, gbogbo ayé ló mọ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́”. Ó ti tó ẹni mélòó kan tó ti kọ ọ́ síbí pé Tull ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Arthur Wharton, ọmọ tí wọ́n bí ní Jamestown, Accra, ní 1865, ti ń gba owó gẹ́gẹ́ bí asọ́lé ní Rotherham Town ní 1889, nígbà tí Tull ṣì ń rá kòrò. Wharton yìí kan náà ló sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 ní 1886. Andrew Watson, tí wọ́n bí ní Guyana, ti ṣe kápútéènì Scotland ní 1881, wọ́n sì na Gẹ̀ẹ́sì 6-1. Willie Clarke ti gbá fún Aston Villa ní 1901. Tí ẹ bá sọ Tull di àkọ́kọ́, ẹ ti sin àwọn mẹ́ta yìí lẹ́ẹ̀kejì. Wharton gan-an, ìsà òkú tí kò ní àmì ni ó wà láti 1930 títí di 1997.

Ẹni tó ní “òyìnbó ni ìyá rẹ̀, kí ló dé tí ẹ ń pè é ní dúdú?” Àwọn ará Bristol kò béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bú u. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

* * *

Mo mọ̀ pé a ó dé ibi ogun. Àbúrò tó béèrè ìbéèrè ló dá a sílẹ̀.

Ní December 1914 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, 17th Middlesex. Tull ni agbábọ́ọ̀lù Northampton àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀, oṣù yẹn náà sì ni. Ó dé Faransé ní November 1915. Ní 1916 ariwo ìbọn ńlá dà á lọ́kàn rú, wọ́n dá a padà sílé. Ó tún padà lọ, ó dé Somme, ibà inú kòtò ogun tún gbé e ṣánlẹ̀ ní December. Wọ́n wá rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun ní Gailes, ní Scotland, ó sì di second lieutenant ní 30 May 1917. Ìwé òfin ológun ọdún 1914 sì wà níbẹ̀, tó ní ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe funfun kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ọmọ ogun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe bí ẹni pé òfin náà kò sí.

Wọ́n gbé wọn lọ sí Ítálì. Nígbà òtútù, lóru, Tull kó ọmọ ogun 26 la odò Piave tó tutù bíi yìnyín kọjá lọ bá ọ̀tá, ó sì kó gbogbo wọn padà láìsí ẹni tó farapa. Ọ̀gágun Lawford yìn ín fún ìgboyà àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní 25 March 1918 wọ́n ti padà sí Faransé, àwọn Jámánì sì ń tì wọ́n sẹ́yìn, ìbọn bá a nítòsí Favreuil. Tom Billingham, tó ti ṣe asọ́lé fún Leicester Fosse, gbìyànjú láti gbé e. Ìbọn ń rọ̀ bí òjò, ó ní láti fi í sílẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ìrántí ní Arras.

Ti Military Cross, oyè ìgboyà ológun tí àwọn kan ń jà pé kí wọ́n fún Tull lẹ́yìn ikú rẹ̀: ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí Edward pé wọ́n ti dárúkọ Walter fún un. Kò gbà á. Àwọn tó ń ta ko ìjà náà ní òfin kì í fún òkú ní oyè yẹn, àfi lẹ́yìn 1979. Ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè, torí pé ààyè ni Tull nígbà tó la Piave kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: ìjà oyè yìí ti gba gbogbo atẹ́gùn inú yàrá. Àwọn tó ń jà fún un lè ka gbogbo ọjọ́ ogun rẹ̀ lórí, ẹ wá bi wọ́n pé ipò wo ló gbá ní Northampton, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ẹni tó ní àánú la fi ń rántí rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn tó ń rántí rẹ̀ ló fà á.

* * *

Màmá tó kọ̀wé pé ọmọ yín fẹ́ fi Tull ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé fún oṣù kẹwàá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kó kọ “àkọ́kọ́” síwájú agbábọ́ọ̀lù. Níwájú ọ̀gá ológun náà, kó kọ “lára àwọn àkọ́kọ́”, torí George Bemand, tí wọ́n bí ní Jamaica, ti gba ipò ọ̀gá nínú àwọn tó ń yin àgbá ní 1915, ó sì kú ní 1916. Tó bá fẹ́ ya ẹ̀wù, kó ya ti Northampton, pupa dúdú bíi wáìnì, kó fi funfun kún un. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni yóò ya ti Tottenham. Kó kọ 111 síbẹ̀ gàdàgbà.

Tí àyè bá sì wà, ẹ mú un lọ wò ó. Pápá Sixfields ni Northampton ń lò báyìí, òkúta ìrántí rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1999 wà níbẹ̀, ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Walter Tull Way. Láti Euston, ọkọ̀ ojú irin kò ju bíi wákàtí kan lọ. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ kò ní í ráyè ya fọ́tò.